Orí Kẹrin: Ọmọ Ta Ni Irúgbìn Yìí?

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn ìbejì kan láti Lymington ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stuart àti Ian Paton, gbé elégédé kan lọ sórí òṣùwọ̀n nítòsí ìlú Reading. 1,278.8 kìlò ni òṣùwọ̀n kà. Kò tíì sí elégédé tí wọ́n wọ̀n tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Hóró irúgbìn kan ṣoṣo ló di gbogbo èyí, láàárín ìgbà ìrúwé sí ìgbà ìwọ́wé ọdún kan náà.

Ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn yìí máa ń fẹ́ mọ ajílẹ̀ tí wọ́n lò àti iye omi tí wọ́n ń bù sí i lójúmọ́. Ìbéèrè gidi ni, a óò sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó sáàárín àwọn tó ń fi elégédé ńlá díje ní Kánádà, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ítálì, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé: ọmọ ta ni? Wọ́n fẹ́ mọ ìyá irúgbìn náà àti bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

Wọ́n nídìí tí wọ́n fi ń béèrè. Ìtàkùn elégédé ńlá kan lè gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 50 sí 90 mítà níbùú lóròó. Lórí gbogbo ìtàkùn yẹn, èso kan péré ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, wọ́n á já àwọn yòókù sọnù kí oúnjẹ má baà pín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni ìgbà ọ̀gbìn ń wá lọ́dọ̀ wọn. Àgbẹ̀ tó ní àyè ìtàkùn mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, irúgbìn mẹ́ta ló lè dán wò lọ́dún. Bó bá yàn wọ́n ṣì, ó di àmọ́dún. Kò sí ajílẹ̀ tó lè bá a tún ìyẹn ṣe.

Elégédé ńlá jẹ́ ẹ̀yà Cucurbita maxima, Amẹ́ríkà ti Gúúsù sì ni orírun rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tó ṣì ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó lápá Ajẹntínà àti Úrúgúáì kéré, ó sì korò. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣa èyí tó tóbi tó sì dùn pamọ́ fún ọ̀gbìn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún kí òyìnbó tó débẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1904, William Warnock, ará Goderich ní ìpínlẹ̀ Ontario, gbé elégédé tó wúwo tó 183 kìlò lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní St. Louis. Ọdún méjìléláàádọ́rin ni ẹnikẹ́ni kò fi borí rẹ̀. Ẹ rò ó wò: láàárín àkókò yẹn ni fatiláísà ilé iṣẹ́ dé, tí katakátà dé, tí ẹ̀rọ omi àti oògùn kòkòrò dé, síbẹ̀ elégédé dúró síbi tó wà. Ọdún 1976 ni àgbẹ̀ kan ní Pennsylvania tó kọjá ìwọ̀n Warnock, nǹkan bí 22 kìlò ló sì fi jù ú lọ.

Irúgbìn ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Howard Dill, àgbẹ̀ kan ní Windsor, ní Nova Scotia, ti ń mú elégédé tó tóbi pọ̀ mọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń tọ́jú irúgbìn èyí tó dára jù, ó sì ń ju èyí tó kù nù. Láti 1979 títí dé 1982, ọdún mẹ́rin léra wọn, òun ló ń gba ipò kìíní. Irúgbìn tó mú jáde ni wọ́n ń pè ní Atlantic Giant. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fáyé, òkè ni ìwọ̀n ń lọ láìdúró: 481 kìlò ní 1996, 911 ní 2012, 1,054 ní 2014, 1,190 ní 2016, 1,226 ní 2021, 1,247 ní 2023. Ẹ bá mi wá elégédé kan nínú gbogbo wọn tí kì í ṣe àrọ́mọdọ́mọ irúgbìn Dill. Ẹ óò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Dill kú ní 2008. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún elégédé tó bá rẹwà jù níbi ìdíje, ó sì máa ń dùn mọ́ mi nínú pé ẹwà ni wọ́n fi rántí ọkùnrin tó sọ elégédé di òkè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà wá nìyí. Wọ́n á rí elégédé tó gba ipò kìíní, wọ́n á ní àfi dandan kí àwọn ní hóró rẹ̀. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òṣùwọ̀n wọ̀n gan-an. Èèpo elégédé àti ẹran ara rẹ̀, ti ìyá ni látòkè délẹ̀. Kò sí àbùdá bàbá níbẹ̀ rárá. Inú hóró nìkan ni àbùdá ìyá àti ti bàbá ti pàdé. Nítorí náà, bí elégédé kan bá wọ̀n 1,200 kìlò, ohun tí ìwọ̀n yẹn ń sọ ni pé ìyá yẹn lágbára, ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí dára, ẹni tó gbìn ín mọṣẹ́, ojú ọjọ́ sì gbè é. Kò tíì sọ ohunkóhun fún wa nípa bàbá tó wà nínú hóró náà.

Hóró náà kò sì jọra wọn. Elégédé kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún hóró nínú. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìkíní jogún yàtọ̀ sí ohun tí ìkejì jogún. Ọ̀kan lè fa agbára ìyá mu, èyí tó tẹ̀ lé e lè fa àìlera tó fara pamọ́ sí ìran méjì sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí elégédé tó gba ipò kìíní fi lè bí ọmọ tí kò ní láárí, tí elégédé tó gba ipò kẹtàdínlógún sì lè bí olúborí lẹ́yìn ọdún méjì.

Àwọn àgbà wa kì í fọmọ fún ìdílé tí wọn kò wádìí. Wọ́n á rán alárinà lọ. Alárinà kò ní fi ojú ọkọ ìyàwó tàbí aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣèwádìí. Yóò béèrè nípa bàbá àti ìyá, nípa àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, nípa àìsàn tó ń rìn nínú ẹbí, yóò sì wo bí àwọn tó ti ṣègbéyàwó síta nínú ilé yẹn ṣe ń ṣe. Ohun tí ẹ ní láti ṣe fún irúgbìn elégédé gan-an nìyẹn, àwọn olùdíje sì ti ṣètò ìwé wọn lọ́nà tí ìwádìí náà fi ṣeé ṣe.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sọ irúgbìn lórúkọ. Ní 2012, Ron Wallace láti Rhode Island wọ̀n elégédé tó wúwo tó 2,009 pọ́n-ùn (ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, 911 kìlò lójú wa) níbi ìpàtẹ Topsfield ní Massachusetts. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá 2,000 pọ́n-ùn. Láti ọjọ́ náà, «2009 Wallace 2012» ni orúkọ gbogbo hóró tó jáde nínú èso yẹn: ìwọ̀n, orúkọ ìdílé ẹni tó gbìn ín, ọdún. Lẹ́yìn orúkọ ni wọ́n á kọ ìyá, wọ́n á fi àmì × sí i, wọ́n á kọ bàbá. Ìyá ló máa ń ṣáájú. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Great Pumpkin Commonwealth ló ń ṣètò bí ìwọ̀n yóò ṣe bára mu láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àgbẹ̀ kan ní Bẹ́ljíọ̀m lè fi àbájáde tirẹ̀ wé ti ẹni tó wà ní Minnesota. Ẹni tó lè gbin ìtàkùn mẹ́ta péré lọ́dún wá ń rí ohun tí ọgọ́rùn-ún ìtàkùn ṣe lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Kí ni kí ẹ wò nínú àkọsílẹ̀ yẹn? Ẹ wo àwọn àbúrò. Hóró mélòó ni wọ́n ti gbìn nínú èso yìí, ọwọ́ mélòó ló sì gbìn wọ́n? Bí hóró ogójì bá bọ́ sílẹ̀ tí ọ̀kan ṣoṣo sì di òmìrán, òmìrán yẹn ni gbogbo ayé máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò ní sọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógójì tó kù. Èmi ò ní gbé e. Bí hóró márùn-ún bá bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí mẹ́rin nínú wọn sì mú èso tó wúwo ju èyí tí àgbẹ̀ yẹn ti ń mú jáde tẹ́lẹ̀, èyí gan-an lẹ ń wá. Ẹ fura sí irúgbìn olókìkí pẹ̀lú. Ọwọ́ àwọn ọ̀gá tó nílẹ̀ tó dára jù ni hóró olókìkí máa ń bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun tí irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá gbìn ló máa ṣe dáadáa. Irúgbìn tó bá gbé àgbẹ̀ lásán sókè ló níyì lójú tèmi.

Ìbéèrè kejì kan ara elégédé fúnra rẹ̀. Kó tó dórí òṣùwọ̀n, wọ́n máa ń fi téèpù wọ̀n ọ́n lọ́nà mẹ́ta: àyíká rẹ̀, orí rẹ̀ láti ìdí dé ìdodo, àti orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Wọ́n á pa iye íǹṣì mẹ́ta yìí pọ̀, wọ́n á wo àtẹ kan tó máa sọ ìwọ̀n tó yẹ kí irú elégédé bẹ́ẹ̀ ní. Tó bá wá débi òṣùwọ̀n, ẹ óò rí èyí tó wúwo ju ohun tí àtẹ sọ lọ, ẹ ó sì rí èyí tó tóbi lójú ṣùgbọ́n tó fúyẹ́. Èyí tó wúwo ju ti àtẹ lọ, ẹran ara rẹ̀ ló nípọn. Ìdílé kan wà tí ọmọ wọn kì í yéé wúwo ju àtẹ lọ láti ìran dé ìran, irú wọn ni àwọn tó mọṣẹ́ máa ń wá ṣe bàbá fún ìdílé tí èso rẹ̀ tóbi ṣùgbọ́n tí ẹran rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ìdílé náà máa ń là. Nígbà tí elégédé bá wà lẹ́nu dídàgbà gan-an, ó lè fi ogún kìlò lé ara rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Bí èèpo kò bá lè bá ẹran rìn, yóò sán. Tí ojú ibi tó là bá dé ihò inú, wọn kò ní kà á níbi ìdíje, ibi yòówù kí ìwọ̀n rẹ̀ dé. Àwọn irúgbìn kan wà tí òkìkí wọn kàn nítorí ìwọ̀n, tó jẹ́ pé èyí tó là nínú ọmọ wọn pọ̀ ju èyí tó dé orí òṣùwọ̀n lọ. Ẹni tó ń gbin ìtàkùn mẹ́wàá lè fi irú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó ní ìtàkùn méjì, kó fi í sílẹ̀.

Kí ni ó tilẹ̀ yí padà nínú elégédé látọjọ́ Dill? Jessica Savage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Ọ̀pọ̀ ti rò pé ewé elégédé ńlá ló mọ bí a ṣe ń fi oòrùn se oúnjẹ ju ewé elégédé yòókù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà rin láti ara ewé dé inú èso: ọ̀nà náà pọ̀ jù nínú ọrùn ewé àti nínú ìdí èso òmìrán. Àwọn àgbẹ̀ tí kò ní nǹkan mìíràn ju òṣùwọ̀n lọ ti ń ṣa elégédé tí ọ̀nà oúnjẹ inú rẹ̀ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣà nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ewé tó fẹ̀ bí agbòòrùn tàn yín jẹ nígbà tí ẹ bá ń wo fọ́tò ìtàkùn ìyá.

Mímọ bàbá gba iṣẹ́ ọwọ́. Akọ òdòdó àti abo òdòdó wà lórí ìtàkùn elégédé kan náà. Abo ni èyí tí èso kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń là, tó bá fi máa di ọ̀sán wọ́n ti pa dé. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún oyin, oyin yóò kó lẹ́búlẹ́bú ti gbogbo àdúgbò wá, kò sì sẹ́ni tó máa mọ bàbá ọmọ. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí etí òdòdó bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á fi àpò nẹ́ẹ̀tì bo abo tí wọ́n yàn, wọ́n á sì bo akọ tí wọ́n fẹ́ lò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á já akọ yẹn, wọ́n á yọ ewé òdòdó rẹ̀ kúrò kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè yọ síta dáadáa, wọ́n á sì fi ra gbogbo ojú abo náà yíká. Wọ́n á tún bò ó. Wọ́n á so ìwé mọ́ ọrùn rẹ̀: ọjọ́, ìyá, bàbá. Ẹlòmíràn máa ń mú akọ láti ara ìtàkùn kan náà kí àwọn ọmọ lè fara jọra. Ó ṣe é lò bí ìyá bá dáńgájíá tó sì ti fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá lábùkù kan, ẹ ti so àbùkù náà mọ́ ìdílé nìyẹn.

Nípa hóró tó wà lọ́wọ́ yín gan-an, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Hóró Atlantic Giant tó dára fẹ̀, ó gùn tó oríkèé àtàǹpàkò, ikùn rẹ̀ sì yọ díẹ̀ níhà méjèèjì. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì tẹ̀ ẹ́. Bó bá rọ̀, tó pẹlẹbẹ bí páálí, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gé èso náà kí ó tó gbó. Ẹ má fi omi dán an wò bí a ṣe ń ṣe ẹ̀wà. Hóró elégédé tó yè náà máa ń léfòó. Àwọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, ìbáà funfun, ìbáà pọ́n bí amọ̀. Irúgbìn tó ti lo ọdún bíi mélòó kan níbi tó tutù tó sì gbẹ ṣì lè hù. Nítorí pé èèpo rẹ̀ nípọn, wọ́n máa ń fi sáńpépà tàbí fáìlì èékánná ha etí rẹ̀ níhà méjèèjì, wọn kì í fọwọ́ kan ṣóńṣó rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò yóò gbà jáde. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á fi tíṣù tútù wé e sínú ọ̀rá, wọ́n á sì gbé e síbi tí ooru rẹ̀ tó 30°C. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbòǹgbò yóò ti yọ orí.

Ní ti owó, àwọn hóró kan wà tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ní gbàǹjo. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ ilẹ̀ tirẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá irúgbìn ló já òun kulẹ̀ tàbí ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní pákẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù, oyin ló yan bàbá rẹ̀ nínú oko ńlá, kò sì sí ìtàn ìdílé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó dára fún ọmọdé, pẹ̀lú ìtọ́jú, ó lè kọjá ọgọ́rùn-ún kìlò. Àárín méjèèjì ni mo fara mọ́: ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin elégédé ní agbègbè yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fún èèyàn ní hóró ọmọ olórúkọ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá sáà ti fi àpò ìwé tó ní sítáǹbù ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ọgbà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Manchester, ojú ọjọ́ ibẹ̀ bá a mu, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà sì ni Lymington wà.

Ní Ìbàdàn tàbí ní Kétu, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa lé ẹgbẹ̀rún kìlò. Ojúmọ́ wa kì í gùn bíi ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, òru wa sì gbóná ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yíyan irúgbìn yìí wúlò fún elégédé tiwa, ó sì wúlò fún àgbàdo. Àwọn ìyá wa ti ń ṣa ṣírí àgbàdo tó tóbi jù, wọ́n á gbé e kọ́ sókè ààrò kí èéfín lè máa ta á títí di ìgbà òjò. Ìmọ̀ gidi nìyẹn. Ìyá nìkan ni wọ́n ń yàn ṣá. Atẹ́gùn ló ń yan bàbá. Ẹni tó bá fi àpò bo òdòdó elégédé mẹ́ta péré lọ́dún, tó sì ń kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, yóò rí ìyàtọ̀ nínú oko rẹ̀ kí ọdún márùn-ún tó pé.

Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá gé elégédé yín, tí ẹ fọ hóró rẹ̀, tí ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí títí tó fi gbẹ dáadáa, ẹ kọ ìyá, bàbá, ìwọ̀n àti ọdún sára àpò kí ẹ tó gbé e pamọ́. Èyí tí ẹ kò bá rántí bàbá rẹ̀, ẹ yan án lórí iná, kí ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ jẹ ẹ́.